Láti Òpó Dé Òpó

Lẹ́tà ni mo fi ọgbọ̀n ọdún pín ní Ìṣarà.
Mo mọ ojúlé tí ajá wọn máa ń géni jẹ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mò ń gun òkè yìí,
sìgá lẹ́nu, bí ẹni pé èéfín ló ń tì mí lẹ́yìn.

Òpó iná ni mò ń kà báyìí.
Ọ̀kan. Èkejì. Tí mo bá fi dé ẹ̀kẹta,
nǹkan á fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi
bí ẹni ń fún aṣọ tí kò lómi nínú mọ́.
Kíá, mo yà sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Ṣóbándé aránṣọ:
"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọmọ tó wà n'Íkòròdú ń kọ́?"
Mo bi í léèrè ẹ̀rọ rẹ̀,
mo bi í léèrè òkú tí wọ́n sin léṣìí,
títí ìrora á fi tú. Ó dàbọ̀.
Òpó mẹ́ta sí i, ó kan oníbúrẹ́dì.

Ni àdúgbò bá ń yìn mí:
"Bàbá Ṣóẹ̀tán mà ti wá mọ èèyàn kí!
Nígbà lẹ́tà, bí afẹ́fẹ́ ló ń kọjá."
Ta ni n óò sọ fún
pé ẹsẹ̀ ló ń kí wọn, kì í ṣe ẹnu?

Lóru, ọmọ ìka tutù bí òkúta ìdí àmù,
síbẹ̀ ó ń ta bí iná.
Àfi kí n sọ ẹsẹ̀ kọ́ sétí bẹ́ẹ̀dì,
kí ẹ̀jẹ̀ wá ìsàlẹ̀ lọ bí omi.
Bùkọ́lá á jí, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
á fi etí ìró rẹ̀ bò ó. Kò ní wí nǹkan kan.
Òun náà kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ mọ́.
Kò sọ pé nítorí mi ni.

Ní Ṣágámù, dókítà kékeré kan
fi ẹ̀rọ wá ìró ẹ̀jẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi,
ó wá a, wá a, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn
ilé tí onílé ti kó kúrò.
Mo mọ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Mo ti dá lẹ́tà wọn padà rí.
Ó pẹ́ kó tó dún: fùú. Fùú.
"Wọ́n wà nílé, bàbá. Wọn ò kàn tètè dáhùn ni."
Ó ní kí n pa sìgá tì, kí n máa rìn dé ibi tó bá dùn mí,
kí n sinmi, kí n tún rìn.
Mo ní, ṣé n óò tún gun òkè?
Ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Láàárọ̀ yìí mo kọjá òpó kẹta.
Ṣóbándé yọjú, mo juwọ́ sí i, n kò dúró.
Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé
bàbá yìí ti tún gbé ìgbéraga rẹ̀ dé.
Mo di òpó kẹrin mú,
ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ń rẹ́rìn-ín.