Ọwọ́ Fèrèsé

Ọyẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi.
Ó gba orí àpáta Ìsánlú sọ̀ kalẹ̀ lóru,
ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá,
ó ń ṣí fèrèsé, ó ń pa á dé,
pà, pà,
bí ẹni tó ń wá nǹkan tí kò rántí ohun tó sọnù.
Mo dìde. Mo na ọwọ́ sí ọwọ́ fèrèsé,
ọwọ́ fèrèsé sì bá ọwọ́ mi wá.

Irin tútù, ọrùn rẹ̀ ti jẹ tán.
Síkúrú kan ṣoṣo tó kù ń mì nínú ihò
bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ìyá mi ní, "Ọ̀já ni bàbá rẹ fi ń so ó,
ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́.
Láti ọdún tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀
ló ti ń sọ pé lọ́la lòun ó tún un ṣe."
Lọ́la náà kò dé
títí a fi gbé e sin nínú bàtà rẹ̀ dúdú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ kan,
mo fi wọn ihò dé ihò,
mo gé e, mo tọ́jú rẹ̀ sápò àyà bíi lẹ́tà,
mo wọkọ̀ lọ sí Kàbà.

Ọwọ́ fèrèsé kún agbọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù Jẹ́míníwà:
ti wúrà ẹ̀tàn, ti ike,
èyí tó ń dán tí ojú ẹni ń hàn nínú rẹ̀.
Mo gbé igi ìgbálẹ̀ mi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Eléyìí fi èékánná kan gùn jù. Tọ̀hún kúrú.
Jẹ́míníwà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ẹ̀gbọ́n, irú èyí ti bá àwọn tó ń rọ ọ́ kú.
Ẹ lọ ra fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń fà,
kí ọkàn yín ó balẹ̀."
Mo ní ilé ni mò ń tún ṣe,
n kò wá kọ́ òmíràn.
Ó wò mí. Ó wọ ẹ̀yìn lọ.
Ó gbé agolo mílíìkì kan jáde,
ó da irin tó ti dógùn-ún sórí ìwé ìròyìn,
àwa méjèèjì ń fi ìka tú u
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Owó síkúrú nìkan ló gbà.

Ihò àtijọ́ ti fẹ̀, síkúrú ń yí lófo.
Mo kán igi ìṣáná mẹ́ta, mo fi gọ́ọ̀mù pa wọ́n,
mo kì wọ́n bọ inú ihò, mo gé orí wọn.
Ẹsẹ̀ àga ni bàbá mi fi kọ́ mi níyẹn:
má fi agbára yí i,
jẹ́ kí igi gbà fún irin.
Híńjì ń ké. N kò rí òróró,
epo pupa ni mo fi tọ́ ọ lẹ́nu.
Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèrà ti tò dé ibẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ń kọjá, "Ọkun o, ọkun iṣẹ́."
Ìyá kò sọ nǹkan kan.
Ó mú ọwọ́ àtijọ́ nílẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí ibi tó ti jẹ sínú,
àtàǹpàkò rẹ̀ kéré sí i.
Lẹ́yìn náà ó jókòó síwájú ilé,
ó ń fi í fọ́ èso kajú.

Lóru, ọyẹ́ tún dé, ó ti fèrèsé,
fèrèsé kò mì.
Gbogbo ilé wá dákẹ́ débi pé n kò rí oorun sùn.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi nínú òkùnkùn,
mo gbọ́ aṣọ tó ń há mọ́ irin:
ó tún ń so ọ̀já mọ́ ọn.