Ọwọ́ Keyvan

Oṣùpá mẹ́ta ló lé sókè Yazd lálẹ́ àná.
Keyvan ló kà wọ́n. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo ni.
Ó ní, "Mahlaqa, tún wò ó,
ìyá kan ni, ọmọ méjì rọ̀ mọ́ ọn létí."

Dókítà tan iná sí i lójú,
ó fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹyinjú rẹ̀:
pupa ní àárín, bí ibi tí òkè gbé ga jù nínú máàpù.
Ó ní awo tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú ti fẹ́lẹ́,
ó ti ń yọ ṣóńṣó
bí òrùlé amọ̀ tí ẹnì kan ń fi ìka tì látinú.

"Kí ló fà á?"
Màmá bi í bí ẹni ń béèrè orúkọ olè.

Ó ní bóyá ẹ̀jẹ̀ ni. Bóyá ọwọ́ ni.
Bóyá eruku aṣálẹ̀ tó ń mú ojú yún ni,
bóyá gbogbo wọn ló dá ìpàdé sójú ọmọ kan.
Ó ní, "A ò tíì mọ̀ ọ́n tán."

Nínú takisí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n ni bàbá mi, ọmọ àbúrò ni ìyá mi,
bàbá àgbà kan náà ló ni wọ́n,
òun náà ló wà nínú fọ́tò ara ògiri,
tó ń fún ojú pọ̀ bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn.
Ìgbéraga la máa ń pè é.

Ọdún méje ni Keyvan fi ń ra ojú.
Ẹ̀yìn ọwọ́, oríkèé ìka, ìkúùkù,
bí ẹni ń po ìyẹ̀fun.
Nígbà tí ìjì bá gbé iyanrìn wọ àgbàlá,
tí igi pómégíránétì bá pọ́n ṣẹ̀ẹ̀,
Màmá á ní, "Oorun ń kùn ún. Ẹ jẹ́ ó lọ sùn."
Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.
Ta ló mọ ohun tí ọwọ́ ń bàjẹ́ lójú oorun?

Lálẹ́ yìí, ó fi òfì sílẹ̀, òwú dá sí méjì.
Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì,
ó di ọwọ́ Keyvan méjèèjì mú títí ó fi sùn.

Mo jáde sí òrùlé.
Ojú ń yún mi.
Mo fi ọwọ́ sápò, mo gbójú sókè:
oṣùpá kan.
Mo tún un kà.