Ọmọbìnrin Ẹnu Ibodè

Ní Òkè-Bàálẹ̀, lẹ́yìn tí iná ti lọ,
mo tan àtùpà, mo ń kọ ìlú kan tí kò sí.
Mo sọ odò rẹ̀ ní Aṣàngòkè,
nítorí òkè ló ń ṣàn lọ.
Ọba ibẹ̀ ń jẹ́ Agbẹ́jọ́sùn:
ẹjọ́ tó bá gbọ́ lálẹ́, lójú àlá ló ti ń dá a.
Olórí ẹ̀ṣọ́ ń jẹ́ Òjìjidowó;
ẹ má bi mí léèrè ohun tó fi ra idà.
Níbẹ̀, wọn kì í wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ,
ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń wò.

Àfi ọmọbìnrin kan.
Ó di oṣù mẹ́ta tó ti dúró sẹ́nu ibodè,
garawa omi lórí, ẹsẹ̀ kan níwájú,
kò wọlé, kò padà.
Mo pè é ní Ìrìwálé, kò wò mí.
Mo pè é ní Ọ̀sánkòpọ́n,
ó kàn gbé garawa rẹ̀ dọ́gba.
Omi ń kán sí i léjìká.

Lálẹ́ àná, ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè,
mo sì rántí àbúrò mi,
èyí tó lọ ní ọjọ́ kẹfà,
tí oyin àti iyọ̀ ìkómọ ṣì wà lórí pẹpẹ.
Bàbá mi ti kọ orúkọ náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.
Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù,
kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sókè.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi:
Morẹ́nikéjì.
Mo kà á sókè, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó yíjú.
Ó ní, "Ta ló ń pè mí láti Òṣogbo?"