Òwú Tó Já Lójú Gíláàsì

Ṣọ́ọ̀bù mi ò fẹ̀ ju ẹní kan lọ,
lẹ́yìn ilé epo, ní Táíwò Ìsàlẹ̀.
Fóònù ló kún orí tábìlì: fóònù tó mu omi,
fóònù tí ọmọ jókòó lé,
fóònù tí ìyàwó jù mọ́ ògiri, tó ní ó jábọ́ ni.
N kì í bèèrè. Mo kàn máa ń tú u ni.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, kí wọ́n tó pe Àsárì,
Àlájà Sináọ̀tù wọlé láti Pàkàtà.
Ó tú etí ìborùn, ó gbé nǹkan kan kalẹ̀:
ẹ̀rọ géèmù aláwọ̀ eérú, ó wúwo bí òkúta ìfọsẹ̀.
"Jẹ́dà ni mo ti rà á," ó ní,
"lọ́dún tí mò ń fọ ilẹ̀ ọsibítù lóru.
Èmi ni mo ni ín o. Yé wo ẹ̀yìn mi bí ẹni ń wá ọmọ-ọmọ."

Mo ki bátìrì mẹ́rin bọ̀ ọ́. Ó dún píìn.
Ojú rẹ̀ là, àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n,
àmọ́ ìlà òfìfo là á láti òkè dé ilẹ̀.
Mo kà á: méjìdínlógún.
Bíríkì tó bá ń já bọ̀ dé ibẹ̀ á pòórá,
á tún yọ lódì kejì
bí onígbèsè tó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Mo mọ àìsàn yìí kí n tó mọ sọ́dà.
Ahunṣọ ni bàbá mi, ní Kúntù.
Tí òwú kan bá já lójú òfì,
aṣọ ò ní pariwo,
yóò kàn máa gbé àléébù náà lọ ní gígùn rẹ̀
títí ẹnìkan á fi fi í wé gèlè.
Bàbá á fi itọ́ pa ìka, á wá orí òwú, á so ó.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo fi sá kúrò nídìí òfì.
Ẹ wá wò mí lónìí.

Mo tú sukúrù mẹ́fà. Ọ̀kan ti dípẹtà.
Lábẹ́ gíláàsì, rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan;
abẹ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ìlà wà,
wọ́n tò tímọ́tímọ́ ju irun ìpéǹpéjú lọ.
Ọgbọ̀n ọdún ooru Ìlọrin ló tú wọn lára gíláàsì,
ooru náà la ó sì fi lẹ̀ wọ́n padà.
Mo nu ẹnu áyánù lára kànìnkànìn tútù, ó dún ṣììì.
Mo fà á lọ lórí rọ́bà náà.
O bá yára, kò gbọ́. O bá dúró, ó jóná,
Àlájà á sì pè mí lórúkọ tí ìyá mi ò sọ mí.

Ìlà kan padà. Mo mí.
Márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo.
Nẹ́pà mú iná.

Áyánù ń tutù lọ́wọ́ mi. Àlájà ní:
"Tí mo bá fọ ilẹ̀ tán, mo máa ń dojú péèlì dé,
mo máa ń jókòó lé e.
Àwọn aláìsàn ń kérora ní èdè tí n ò gbọ́.
Bíríkì ń já, mò ń tò ó.
Ní gbogbo ìlú ọ̀hún, òun nìkan ni mo tò tó tò."
N ò mọ èsì rẹ̀.
Mo ní wọ́n á mú iná wá láìpẹ́.

Ẹ̀yìn Màgàríbì ni wọ́n tó mú un wá.
Ó ku ìlà kan, lápá ọ̀tún, tó kọ̀ jálẹ̀.
Mo lọ, mo bọ̀. Òwú kan ṣoṣo.
Mo tún fẹ́ gbé áyánù, ó gbá mi lọ́wọ́:
"Fi í lẹ̀. Ṣé o fẹ́ jó èyí tó kù ni?"

Ó san ẹgbẹ̀rún méjì. Kò lọ.
Ó jókòó sórí àpótí mi,
àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń sáré bí ẹsẹ̀ adìẹ.
"Ọmọ ahunṣọ," ó ní, kò gbójú sókè,
"gílóòbù rẹ yìí ò mọ́lẹ̀. Tan nǹkan sí mi."
Mo mú fóònù oníbàárà kan nílẹ̀,
mo tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí i.