Bélú ní Òkè Ẹfọ̀n

Òjò Ọ̀wàrà ti di ẹrù rẹ̀, kò dágbére.
Àná ló rọ̀ kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré,
bí àlejò tó gbàgbé fìlà, tó sáré padà wá mú un.

Lónìí mo jí, ọyẹ́ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Ètè mi là. Mo wá òrí dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bàbá mi;
ó ṣì wà níbi tó ń gbé e sí, nínú agolo mílíìkì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà róbà tó fi ṣọ́ igbó ìjọba
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó tóbi.
Mo fi àkísà dí iwájú rẹ̀, mo jáde.

Àwọn ọmọ iléèwé ń dúró dè mí nísàlẹ̀ òkè,
mẹ́tàdínlógún, àti Tíṣà Fátùnlà
tó wọ súẹ́tà méjì, tó ń sín bí ewúrẹ́.
"Ẹ má fara kan wèrèpè," ni mo kọ́kọ́ wí.
Ó ti gbẹ báyìí, atẹ́gùn díẹ̀ ló ń wá.
Ọmọ tí ò bá gbọ́ tẹnu mi, ara rẹ̀ á sọ fún un.

A ń gòkè.
Ewé tíìkì ń já, ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀,
ó ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bọ̀, ó sì ń balẹ̀ gbàà.
Ẹsẹ̀ wa ń dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú lóru.
Ní abà ìsàlẹ̀, wọ́n ti sá kòkó,
òórùn rẹ̀ tó kan bí ọtí ń gun òkè tẹ̀lé wa.
Lékeléke kọjá lókè, ọ̀wọ́ kan, funfun báláú.
Ọmọ mẹ́tàdínlógún na èékánná sókè, wọ́n ń tọrọ funfun.
Èmi náà na tèmi
kí n tó rántí ọjọ́ orí mi.

A dé ìdí Òkúta Arúgbó.
Mo ro ìtàn bí bàbá mi ṣe ń rò ó:
nígbà ogun, gbogbo ìlú sá lọ,
ìyá àgbà kan ní òun ò lọ síbì kankan,
òun ní ẹ̀wà lórí iná.
Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó jinná ná.
Ogun dé, ogun lọ, ìyá di òkúta nídìí ààrò,
ẹ̀wà náà ò sì tíì jinná.
Kùrukùru tẹ́ ẹ ń rí láàárọ̀ Bélú yìí,
èéfín rẹ̀ ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àfi Bọ́sẹ̀dé, èyí tó kéré jù,
tó ń wo òkúta bí ẹni ń wo gbèsè.
"Ta ló ń bá a ṣẹ́gi?"

Ẹnu mi wọlé.
Nítorí mo rí i nígbà náà, lábẹ́ àpáta,
ìdì igi gbígbẹ kan tí ikán ti jẹ dé àárín,
tí okùn bàtà dúdú dì yíká.
Mo mọ okùn náà. Mo mọ kókó tó ta sí i.
Bàbá mi, tó mú àbúrò ìyá tirẹ̀ nítorí ẹ̀ka ìrókò kan!
Ọdọọdún ló ń wí pé òun lọ wo ààlà igbó.

"Ṣé òfin gbà á?" ni Tíṣà bi mí,
nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀ka ilẹ̀.
Mo ní igi tó ti kú ò sí nínú ìwé òfin.
N kò ka ìwé náà dópin rí.

Bá a ti ń sọ̀kalẹ̀, ọmọ kan ń họra,
ó ń búra pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Kùrukùru ò tíì ká.
Bọ́sẹ̀dé ní òun ń gbọ́ òórùn ẹ̀wà.
Kòkó ni èmi ń gbọ́ ní tèmi.
N kò bá a jiyàn.