Má Rẹ́rìn-ín, Wo Iwájú

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà
ní Kutáísì, nínú yàrá kótópó tó kọjú sí odò Ríónì.
Aṣọ funfun lára ògiri, àga onírin kan,
iná méjì, ọ̀kan nínú wọn a máa ṣẹ́jú.
"Pa ẹnu dé. Má rẹ́rìn-ín. Wo iwájú."
Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi,
ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn òfin náà ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, ilẹ̀ ti ṣú:
eyín mi ló yan iṣẹ́ yìí fún mi.
Kì í ṣe èjí; èjí lẹ́ni tí ń yìn ín.
Tèmi ń gun ara wọn lẹ́yìn bí èrò tí ń sáré wọ ọkọ̀ ojú irin,
ọ̀kan yọ sóde, ọ̀kan ń fi èjìká ti èkejì,
eyín ṣóńṣó apá òsì dá dúró lókè, ó ń wòran.
Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà;
lẹ́nu tèmi, eyín pẹ̀lú eyín ni, ahọ́n ló ń làjà.
Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ṣe di aṣọ ìkélé.
Ẹ wo fọ́tò ìgbéyàwó mi:
Gúrámù ń rẹ́rìn-ín,
èmi gbé òdòdó sẹ́nu bí ẹni tí òtútù mú.

Lọ́mọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, mo gun àkàsọ̀ ilé dókítà tí ń to eyín.
Bákúrì ni. Èmi ni mo ya fọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́,
ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ń sunkún, ikun ń dà nímú rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ yanu, Ìyáàfin Lamárà. Ẹ yà á dáadáa."
Ayé yí.

Ó kọ iye owó sórí ìwé. Owó òrùlé ni.
Òrùlé wa ń jò ní igun ilé ìdáná.
Gúrámù wo ìwé náà, ó wo òkè,
ó lọ gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò.
Kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi Síálà ló sọ̀rọ̀:
"Ta lo fẹ́ fi wọ́n hàn? Eyín Bàbá mà nìyẹn."
Ó dùn mí wọra. Eyín Bàbá ni lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n Bàbá fi irunmú bo tirẹ̀;
èmi, ta ló fún mi nírunmú?

Alẹ́ ọjọ́ tí wáyà wọlé, búrẹ́dì di òkúta.
Mo rẹ ẹ́ sínú ọbẹ̀ bí arúgbó.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà:
oṣooṣù ni Bákúrì ń fún un le,
oṣooṣù ni ọ̀kan ń súnra kí èkejì ríbi dúró.
N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé egungun a máa gbọ́ràn sí wáyà lẹ́nu.

Lánàá, ọmọbìnrin kan wá ya fọ́tò.
Òun náà ní wáyà, pẹ̀lú rọ́bà aláwọ̀ búlúù.
Ó wo ẹnu mi títí, ó ní,
"Ṣé wọ́n fipá mú ẹ̀yin náà ni?"
Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi,
ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì.
Ẹ̀rín bú jáde, kò sí ọwọ́ tó ráyè.
Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ìka mi sì tẹ kámẹ́rà.

Bákúrì ti fi sìmẹ́ńtì funfun mọ ẹnu mi àtijọ́,
ó gbé e fún mi. Orí pẹpẹ ló wà.
Mo ń nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀, mo ń kí i: Bàbá, ẹ káàárọ̀.

Ó ku oṣù mẹ́jọ. Òrùlé ṣì ń jò.
Fọ́tò ọmọ yẹn ti bàjẹ́, òfin ò gbà á:
ẹnu là sílẹ̀, ojú kò wo iwájú rárá.
N kò pa á rẹ́.
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí ń ṣẹ́jú.