Orúkọ Tó Pupa

Lọ́jọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà to orúkọ méje síta,
ó kun gbogbo wọn ní pupa.
Ẹ̀kẹta ni Múnírátù, ọmọ Òkèlele:
ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó ní,
ọmọ yìí ò ní bá wa parí sáà.

Ẹ̀rọ tó ń ka rẹ́jísítà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
Ó rí i pé Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni kì í wá,
ó rí máàkì ìṣirò tó ń yọ̀ wálẹ̀,
gbèsè owó ìwé.
Kò rí èéfín.

Mo wọ bàtà, mo gba ìdí ebu Dàda lọ.
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń sun ìkòkò.
Eérú ní ìpéǹpéjú,
ó ń fi igi gígùn fa ìkòkò gbígbóná jáde,
làkúrègbé ti mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.
“Tíṣà, ṣé mo ṣẹ̀ ni?”
Mo ní rárá. Mo jókòó. Wọ́n fún mi lómi.
A gbé ìdánwò Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́rú,
ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù, tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ,
tí ẹ̀rọ kun ní àwọ̀ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀,
ìjókòó rẹ̀ ti ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Wọ́n ní ó bá ọkọ̀ onígẹdú lọ.
Mi ò dé ilé wọn rí.
Ta ní í bẹ ẹni tí ara rẹ̀ le wò?

Lálẹ́, mo ṣí rẹ́jísítà onípépà,
mo ń fi ìka tọ orúkọ, àtewé àtipupa,
ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.